Ewé Tí A Ń Sun, Oúnjẹ Ilẹ̀ Ni

Gbogbo àwa tí a jáde ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ni a mọ iṣẹ́ òwúrọ̀. Kí agogo ìsìn tó dún, a ti gbá ewé máńgòrò àti ewé tíìkì jọ, a sì ti dáná sun ún. Ní ìrọ̀lẹ́, a ó gbé ọkọ́ lọ sí oko ilé ẹ̀kọ́, a ó sì máa ṣe kàyéfì ìdí tí àgbàdo wa fi ń pọ́n, tí kì í sì í yọmọ dáadáa. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé oúnjẹ oko náà ni a ń sun.

Ẹ wo igbó ẹgàn. Ẹnikẹ́ni kì í fi ajílẹ̀ sí i, síbẹ̀ àwọn igi rẹ̀ ń dàgbà. Ewé tí ó ń já bọ́ ni ó ń bo ilẹ̀ ibẹ̀, kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́, kí òjò má sì gbá ọ̀rá rẹ̀ lọ. Ekòló, ikán, olú àti àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí ń jẹ ewé náà títí yóò fi di ilẹ̀dú. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Bí ó bá pẹ́ lórí ilẹ̀, a di ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sun ún, náítírójìn tí ó ń mú irúgbìn tutù yọ̀yọ̀ yóò bá èéfín lọ. Eérú tí ó kù wúlò díẹ̀, ṣùgbọ́n òjò kì í pẹ́ gbá a lọ.

Àwọn baba wa mọ èyí. Bí ilẹ̀ bá ṣá, wọn a fi í sílẹ̀ kí igbó tún hù lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbin iṣu, wọn a fi koríko gbígbẹ bo orí ebè, kí ooru má baà pa èbù. Lónìí, ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò tó èyí tí a lè fi sílẹ̀ fún ìsinmi. Nítorí náà, bí a kò bá lè mú oko padà sí igbó, ẹ jẹ́ kí a mú ìṣe igbó wá sí oko.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ kọ́kọ́ ro koríko kúrò, kí òjò rin ilẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó tẹ́ ewé sí i. Kí ó nípọn tó ìka mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ó sì jìnnà díẹ̀ sí ìdí irúgbìn, kí ọ̀rinrin má baà mú un jẹrà. Ewé tíìkì a máa pẹ́ kí ó tó jẹrà, nítorí náà ẹ gé e wẹ́wẹ́; ewé àgúnmániyè a máa tètè jẹrà, ẹ pò wọ́n pọ̀. Ẹ má ṣe ro ewé gbígbẹ mọ́ inú ilẹ̀, nítorí àwọn ohun abẹ̀mí tí yóò jẹ ẹ́ yóò kọ́kọ́ gba náítírójìn inú ilẹ̀ lò, irúgbìn yóò sì pọ́n. Orí ilẹ̀ ni ipò rẹ̀. Ẹ yẹra fún koríko tí ó ti so èso. Bí ẹ bá sì lọ bu ewé nínú igbó, ìwọ̀nba ni kí ẹ bù, nítorí igbó náà ń jẹun.

Iṣẹ́ méjì ni Ọlọ́run gbé lé Ádámù lọ́wọ́ nínú ọgbà: ríro àti ìtọ́jú. Ríro nìkan ni a ṣe nígbà tiwa. Ẹ̀bẹ̀ wa nínú àjọ̀dún yìí ni pé kí àwọn ọmọ wa ṣe ebè méjì ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí wọ́n fi ewé bo ọ̀kan, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀ lásán. Kí sáà ẹ̀kọ́ tó parí, ebè méjèèjì yóò ti kọ́ wọn ní ohun tí ó pẹ́ kí àwa tó mọ̀.