Ojú Mọ́kànlélọ́gọ́rin

Bí ẹ bá rí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń pa á rẹ́, tí wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́, ẹ lè rò pé ká-ṣáà-dán-an-wò ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ìgbà mìíràn wà tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdánwò ju ìdánwò lọ, Sùdókù inú ìwé ìròyìn ni mo sì fẹ́ fi là á yé yín.

Ojú 81 ló ní: ìlà mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òòró, àti ìpín mẹ́sàn-án tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà 1 sí 9 la fi ń dí wọn, ìkankan kò sì gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlà tàbí ìpín kan náà.

Ní 2006, Ron Jeffries, ọ̀kan lára àwọn tó dá ọ̀nà ìkọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Extreme Programming sílẹ̀, dáwọ́ lé ètò tí yóò máa yanjú Sùdókù. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí á kọ́kọ́ kọ ìdánwò kékeré kan, kí á kọ kóòdù tí yóò yege nínú rẹ̀, kí á tún kọ òmíràn. Ìlànà gidi ni o. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń lò ó. Jeffries kọ àpilẹ̀kọ mélòó kan nípa iṣẹ́ náà, ó ń tún bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe to ojú wọ̀nyẹn tò, ó sì fi í sílẹ̀ láìparí. Àwọn ìdánwò rẹ̀ ń yege, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń sún un mọ́ ìdáhùn.

Peter Norvig, tó wà ní Google nígbà náà, kọ tirẹ̀, kò sì gùn rárá. Ó kọ gbogbo nọ́ńbà tó ṣì lè bọ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá ku ẹyọ kan ní ojú kan, ó pa á rẹ́ lára ojú 20 tó bá a pín ìlà tàbí ìpín. Bí nọ́ńbà kan kò bá ní ju àyè kan lọ nínú ìlà tàbí ìpín, ibẹ̀ ló ń fi í sí. Ìparẹ́ kan a máa fa òmíràn, èyí tó rọrùn á sì yanjú ara rẹ̀ báyẹn.

Èyí tó le ńkọ́? Norvig náà a dán an wò! Ṣùgbọ́n ojú tí nọ́ńbà tó kù fún un kéré jù ló ń mú: bó bá ku méjì, tí àkọ́kọ́ bá já sí asán, èkejì ti di dandan. Ẹ̀dà àwọn ojú náà ló sì fi ń dán an wò, kó lè padà síbi tó ti yà.

Norvig kọ́ ló hùmọ̀ ọgbọ́n yìí. Òun àti Stuart Russell ti kọ ìwé ńlá lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá ní 1995, irú ìṣòro báyìí sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè mú bírò, kó yanjú Sùdókù kan fúnra rẹ̀, kó sì kọ ìdí tó fi fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan síbi tó fi í sí, kó tó tan kọ̀ǹpútà.