Àlejò tí ń kú lọ lẹ́bàá ọ̀nà

Bí ẹ bá bá ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí níbi tí ó gbé ń kú lọ lẹ́bàá ọ̀nà, tí ilé ìwòsàn sì kọ̀ láti gbà á, níbo ni ẹ óò gbé e lọ? Ọ̀ràn yìí ni ó dojú kọ Màmá Teresa ní Calcutta, ìlú tí à ń pè ní Kolkata nísinsìnyí, ní ilẹ̀ Íńdíà. Ìyàn ńlá ti mú níbẹ̀ ní ọdún 1943; nígbà tí a sì pín ilẹ̀ náà sí méjì ní 1947, àwọn tí ogun ẹ̀sìn lé kúrò nílé rọ́ wọ ìlú náà, títí ọ̀pọ̀ fi ń sùn ní ìgboro.

Àjòjì ni òun tìkárarẹ̀. Skopje, ní Yúróòpù, ni a gbé bí i ní 1910; ó dé Íńdíà ní 1929, ó ń ṣe olùkọ́ títí di 1948, kí ó tó jáde lọ sí àárín àwọn tálákà. Ní 1952 àwọn aláṣẹ ìlú fún un ní ilé kan ní Kalighat, èyí tí a kọ́ fún àwọn tí ń wá sin òrìṣà Kali, lẹ́bàá tẹ́ḿpìlì náà gan-an! Àwọn kan bínú; wọ́n ní ó wá fi oúnjẹ ra ọkàn àwọn tí ń kú lọ ni. Ṣùgbọ́n bí Híńdù bá wà níbẹ̀, omi odò Ganges ni a fi ń kan ètè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, a ń ka Kùránì fún un. Èyí wú wa lórí púpọ̀.

Síbẹ̀ kò yẹ kí a fi apá kan pamọ́. Ní 1994 Robin Fox, olóòtú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní The Lancet, ṣe ìbẹ̀wò síbẹ̀. Ó kọ̀wé pé àwọn arábìnrin náà ní ìfẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní oògùn agbára tí ń mú ìrora rọlẹ̀, wọn kò sì ya ẹni tí a lè wò sàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ikú ti dé bá. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, àwa kò sì lè pè é ní irọ́: ẹni tí egungun ń ro kò lè fi ìfẹ́ nìkan sùn. Ìbá ti wù wá tó, kí oníṣègùn àti arábìnrin tí ń fi ṣíbí bọ́ àlejò náà ti jùmọ̀ dúró ti àkéte rẹ̀ láti ọdún 1952!