Ìrẹsì Ọ̀fẹ́ Tó Ń Pa Tálákà: Ẹ̀yin Olówó, Owó Òwò Ni Kí Ẹ Fún Wọn!

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àwọn ìyá ti pọn ọmọ, tí wọ́n fa èkejì lọ́wọ́, tí wọ́n forí lé ọgbà ilé-ìwé kan ní Bàṣọ̀run, n'Ìbàdàn. Ọjọ́rú, ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2024 ni. Wọ́n ní ọdún ọmọdé ni, ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ ńbẹ ńlẹ̀. Àfi gbọ̀ọ́! Èrò ya lu ara wọn, ọmọ 35 ló kú.

Ẹkún ọ̀hún ò tíì dá tí irú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ 21 oṣù náà: èèyàn 10 kú l'Ábùjá, 22 kú ní Okija, ìpínlẹ̀ Anambra. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni wọ́n lọ gbà.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbà wá o! Kí ni kóńgò ìrẹsì kan fẹ́ tún ṣe láyé tálákà? Wọ́n á sè é lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́, ebi tún dé. Olówó ṣì wà lókè, tálákà ṣì wà nílẹ̀.

Ní agbègbè Siaya, ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe tiwọn. Láàárín ọdún 2014 sí 2017, ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ GiveDirectly wá àwọn tó ń gbé abẹ́ òrùlé koríko rí. Ilé tó lé ní 10,000 ló gba nǹkan bíi 1,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí pé à ń to ìlà, kò sí pé à ń ti ara ẹni. Orí fóònù lowó gbà dé ọwọ́ wọn.

Ibi tó dùn jù rèé: àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé dọ́là kan tó wọ àdúgbò ń di nǹkan bíi méjì àbọ̀. Ẹni tó ra páànù, káfíńtà rí tirẹ̀ jẹ. Ẹni tó ra àgbàdo, alátẹ rí tirẹ̀ jẹ. Àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ pàápàá jàǹfààní, bẹ́ẹ̀ ni ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n sí i.

Ẹni tó bá ń dá èésú mọ ìdí rẹ̀. Owó díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ téèyàn bá kó èésú, ẹ̀rọ ìránṣọ lè wọlé, àpò gààrì lè wọ ṣọ́ọ̀bù.

Lóòótọ́, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pín oúnjẹ, kó gbé e lọ bá wọn nílé, kó má pe èrò jọ. Ṣùgbọ́n kó má parí síbẹ̀. Ẹ̀yin olówó, ẹ bi ìyálọ́jà àti olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ pé ta ló mọṣẹ́ tí kò lówó. Ẹ fún un ní ohun tó tó dá òwò sílẹ̀, ní kọ̀rọ̀, láìlu ìlù. Ẹni tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ́dún yìí, kò ní wá tò síwájú ilé yín lọ́dún tó ń bọ̀.