Eré Àsápajúdé Ní Í Ba Ẹnu Irin Jẹ́: Bí A Ṣe Lè Dín Eré Ẹ̀rọ Ìpọ́nrin Kékeré Kù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ oníná pọ́n irin iṣẹ́ wọn mu gan-an. Oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn yóò ra ẹ̀rọ ìpọ́nrin kékeré, inú rẹ̀ yóò dùn pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ òkúta ìpọ́nbẹ, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣàkíyèsí pé irin tí òun pọ́n láàárọ̀ ti kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Yóò ní irin ayé òde òní kò dára mọ́. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ ti irin. Lọ́pọ̀ ìgbà, eré tí ẹ̀rọ náà ń sá ló pọ̀ jù.

Ẹni tó bá mọ Kẹ́mta ní Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta, mọ̀ ọ́n sí ibùjókòó àwọn aládìrẹ. Aró àti aṣọ ni àlejò máa ń rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n irin mímú wà nídìí iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Nínú irú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń fi páànù ṣe, àwọn ọkùnrin ló máa ń fi ṣísẹ́lì kékeré gé àwòrán sára páànù pẹlẹbẹ. Wọn á gbé páànù náà lé aṣọ, wọn á sì fi ẹ̀kọ ra ojú ihò rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bí ẹnu ṣísẹ́lì bá kú, etí ihò yóò rí jágajàga, ẹ̀kọ yóò gba abẹ́ páànù ṣàn, àwòrán yóò sì dàrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni sísọ́ọ̀sì tí a fi ń gé aṣọ, ọ̀bẹ àwọn alápatà, àti irin àwọn agbẹ́gilére bí irú àwọn ilé Adúgbológe ní Ìtòkò, tí ère ìbejì wọn lókìkí káàkiri ayé. Gbogbo wọn, orí ẹnu irin ni oúnjẹ wọn wà.

Ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò tóbi. Mọ́tò iná kan ni, èyí tó ń yí wíìlì kan, tí sánpépà aláṣọ tí a so ní òrùka bíi bẹ́líìtì sì ń sáré lórí wíìlì náà àti wíìlì kejì tó wà lókè. Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí bẹ́líìtì rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 1, tó sì gùn tó íńṣì 30. Ó dára púpọ̀ fún irin tí a fẹ́ gé kúrò kíákíá, bíi ẹnu àdá tó ti fọ́. Àmọ́ orí ìyára kan ṣoṣo ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń ṣiṣẹ́. Bí a bá ti tanná sí i, àfi kó máa sáré títí a ó fi pa á.

Kí ni eré ń ṣe fún irin? Bí alágbẹ̀dẹ bá ń rọ irin, yóò dá iná mọ́ ọn títí yóò fi pọ́n, yóò sì tì í bọ inú omi tàbí òróró kó lè le. Irin tó le tán báyìí lè ṣẹ́ bí àwo, nítorí náà yóò tún yá a níná díẹ̀, kó lè le kó sì gbó. Ìwọ̀n iná kejì yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà. Bí ó bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 220 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ojú irin tó dán yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ. Ní nǹkan bí 280, yóò di elésè-àlùkò. Ní nǹkan bí 300, yóò di àwọ̀ aró. Ní Kẹ́mta, ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá mu aró dáadáa ni ọjà rẹ̀ ń tà, ṣùgbọ́n bí àwọ̀ yẹn bá jáde lẹ́nu ṣísẹ́lì, àmì àdánù ni. Ó túmọ̀ sí pé irin náà ti rọ̀ níbẹ̀, kò sì lè di ẹnu rẹ̀ mú mọ́.

Ẹnu irin fẹ́lẹ́ bí ewé, kò sì ní ibi tí yóò gbé ooru pamọ́ sí. Ó lè ti jó kí ìdí rẹ̀ tó gbóná lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ìdí nìyí tí ṣísẹ́lì kékeré àwọn tó ń gé páànù fi tètè ń bàjẹ́ ju àdá lọ. Irin tí wọ́n fi ń ṣe bíìtì tí a fi ń lu ihò sára irin mìíràn kò ní ìṣòro tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè fara da ooru tó ju 500 lọ. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì ọkọ̀ tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń sọ di ọ̀bẹ àti àdá kò lè fara dà á.

Bí a ṣe ń mọ eré bẹ́líìtì kò le. A ó wọn ìbú wíìlì tí mọ́tò ń yí láti etí kan dé ìkejì, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 3.14, a ó sì sọ èyí tí a bá rí di ìlọ́po iye ìgbà tí wíìlì náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lo iná ilé ní Nàìjíríà máa ń yí tó nǹkan bí 2,850 ìgbà tàbí 1,425 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ara àwo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni a ó ti kà á. Bí wíìlì bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, mọ́tò àkọ́kọ́ yóò sáré bẹ́líìtì tó mítà 895 ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì yóò sá tó mítà 447. Fún ìpọ́n ìkẹyìn lórí irin fẹ́lẹ́, mítà 150 tàbí kó dín díẹ̀ dára jù lọ. Ó hàn gbangba pé ẹ̀rọ kan náà ní láti lè sáré fún iṣẹ́ kan, kó sì lè rìn jẹ́jẹ́ fún òmíràn.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a lè gbà ṣe èyí ni ti púlè, òun ló sì rọrùn jù fún ẹni tí kò lówó púpọ̀. A ó yọ wíìlì kúrò lára mọ́tò, a ó gbé e sórí ọ̀pá irin mìíràn tó ní bíárínnì méjì, a ó sì fi púlè àti fáànùbẹ́líìtì so ọ̀pá náà mọ́ mọ́tò. Bí púlè ara mọ́tò bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, tí ti ọ̀pá sì jẹ́ 15, eré náà yóò di ìdá mẹ́ta: mítà 447 yóò di 149. Púlè alákàbà, tó ní ìpele mẹ́ta, yóò fún wa ní eré mẹ́ta. Jórinjórin tó mọṣẹ́ àti ẹni tó ń yí irin lórí léètì lè ṣe é pa pọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí eré ṣe ń dín kù ni agbára ń pọ̀ sí i, irin kò sì ní tètè dá a dúró. Àléébù rẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ pa iná kí a tó yí bẹ́líìtì láti ìpele kan sí òmíràn.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìyànjú, tó sì máa ń ba mọ́tò jẹ́: fífi rẹ́gúlétọ̀ fáànù òkè àjà sí i. Mọ́tò tó ní kàpásítọ̀ láti fi gbéra kò gba irú èyí. Yóò máa kùn, yóò máa gbóná, kọ́ìlì rẹ̀ yóò sì jó níkẹyìn. Mọ́tò tó ń lo kábọ́ọ̀nù, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ ìlu-ihò alágbèéká, gba kí a dín iná rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ohun ìdíná tí agbára rẹ̀ tó ti mọ́tò náà ni kí a lò, kì í ṣe ti fáànù.

Ọ̀nà kejì ni mọ́tò inú ẹ̀rọ tí àwọn olówó fi ń sáré lójú kan nínú ilé. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, mọ́tò rẹ̀ sábà máa ń dára síbẹ̀. Iná irú ti bátìrì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ó sì ní pátákó tó ń dín eré rẹ̀ kù. Bí a bá rí mọ́tò àti pátákó rẹ̀ pa pọ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kìkì pé fáànù inú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ atẹ́gùn tó bí eré bá kéré, nítorí náà kí a máa sinmi tàbí kí a fi fáànù mìíràn kọjú sí i.

Ọ̀nà kẹta ló dára jù, òun ló sì gbówó lórí jù. Mọ́tò onílà mẹ́ta ni a ó lò, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní VFD. Àpótí yìí yàtọ̀ sí ìnfátà tí a fi ń gba iná bátìrì sínú ilé. Yóò gba iná onílà kan tó wà nílé, yóò sọ ọ́ di onílà mẹ́ta, a ó sì lè fi bọ́tìnnì yí ìgbì iná náà láti 50 wálẹ̀ sí 15. Mọ́tò tó ń sáré bẹ́líìtì ní mítà 447 lórí 50 yóò sá a ní nǹkan bí 134 lórí 15. Kí oníṣẹ́ iná rí i pé àwo ara mọ́tò kọ 220/380, kó sì so ó ní ìlànà ti 220.

Ọ̀nà kẹta yìí tún wúlò fún ọ̀ràn iná wa. Mọ́tò lásán máa ń fa iná tó ìlọ́po márùn-ún sí méje nígbà tó bá ń gbéra, ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré fi ń kú bí a bá tan ẹ̀rọ. VFD máa ń gbé mọ́tò dìde díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku irin ń gbé iná, bí ó bá wọ inú àpótí náà, ó parí. Kí a gbé e sínú àpótí tó dé dáadáa, jìnnà sí ibi tí irin ti ń ta. Bí a bá sì pa iná, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí iná ṣì wà nínú kàpásítọ̀ rẹ̀.

Bí eré bá ti dín kù, ìlò ṣì kù. Bẹ́líìtì tó ti kú kì í gé irin mọ́, ńṣe ló ń fi í gbóná, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí ọmọ ìka wà nítòsí ẹnu irin láti mọ ooru rẹ̀, kí abọ́ omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìpọ́n ìkẹyìn, kí bẹ́líìtì máa sá kúrò lẹ́nu irin, kí ó má ṣe sá pàdé rẹ̀, kí irin má baà gé bẹ́líìtì tàbí kó fò jáde lọ́wọ́ ẹni. Apá aṣọ gbọọrọ, gèlè àti ìbọ̀wọ́ tó tú kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Kí a bo ojú àti imú. Ọ̀dọ̀ àwọn aládìrẹ alábẹ́là tí epo àbẹ́là àti aṣọ kún, tàbí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí eruku igi kún, ìtapàrà iná kan ti tó láti sọ ilé di eérú. Ìta gbangba ni kí ẹ̀rọ náà wà.

Ẹni tí irin rẹ̀ bá ti di aláwọ̀ aró kò ní láti sọ ọ́ nù. Kó rọra lọ ibi tó jó kúrò lórí eré kékeré títí yóò fi dé ibi tí irin kò jó. Bí ó bá ti jó wọlé jù, kó gbé e padà fún alágbẹ̀dẹ láti tún un rẹ. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bákan náà ni ẹ̀rọ, bí ó ti wù kó yára tó, kò lè mọ ìgbà tó yẹ kó rọra. Ẹni tó dì í mú ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, kó sì ní bọ́tìnnì tàbí púlè tí yóò fi ṣe é.