Pèrègún Nínú Ilé

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìtura ńlá ní Èkó tàbí ní London, ó ṣeé ṣe kí ó rí igi kan nínú ìkòkò ní igun yàrá. Ìtí rẹ̀ a dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ a sì gùn bí ewé àgbàdo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé òkè òkun ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ àgbẹ̀ Ìkirè tàbí Àpòmù tí ó bá wò ó dáadáa yóò dá a mọ̀: pèrègún ni.

Ọ̀mọ̀wé Linnaeus ti ilẹ̀ Sweden fún un ní orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ọdún 1762. Láti ọdún 1808 ni a sì ti ń pè é ní Dracaena fragrans. Ní èdè Látìn, fragrans ni ohun olóòórùn dídùn, nítorí òdòdó rẹ̀ a máa ta sánsán lálẹ́. Inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun rẹ̀, lábẹ́ ìbòòji àwọn igi tí ó ga jù ú lọ. Ìdí nìyí tí ó fi lè gbé inú ilé: ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó ti gbó, kí ó gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ ri apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dúdú tí a po iyanrìn díẹ̀ mọ́, nínú ìkòkò tí ó ní ihò ní ìdí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò ta gbòǹgbò, yóò sì rúwé.

Ní ti ìtọ́jú, omi àpọ̀jù ni ó ń pa á ju òǹgbẹ lọ. Bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í dé ibi gbòǹgbò, gbòǹgbò a sì jẹrà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò náà. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ má tíì bomi rin ín. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n kí oòrùn ọ̀sán má ṣe máa pa á. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ajá tàbí ológbò jẹ ewé náà, nítorí ó lè mú wọn bì.

Àwọn kan ń sọ pé irú igi báyìí a máa fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí tí àjọ NASA ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1989 ni ó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí tí a sé pa ni wọ́n ti ṣe é. Àyẹ̀wò tí ó jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú ilé gidi, agbára igi inú ìkòkò kéré púpọ̀. Ẹ gbìn ín nítorí ẹwà; ẹ ṣí fèrèsé nítorí afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Ní oko kòkó wa, pèrègún ni ẹ̀rí ààlà. Àwọn Chagga tí ń gbé ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro ní Tanzania náà ń fi í pààlà. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé, ìwé lè ti sọnù, àgbà tí ó mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè ti kú. Pèrègún ni yóò kù láti jẹ́rìí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fẹ́ pèrègún sí yàrá ìgbàlejò kò gbọdọ̀ hú ti ojú ààlà. Kí ó tọrọ ẹ̀ka kan lọ́wọ́ onílẹ̀, kí ó sì fi ìdí igi sílẹ̀ níbi tí àwọn baba rì í sí.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí àwọn ọmọ yín tó mú ẹ̀ka pèrègún wá sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè èyí tí ó jẹ́ ti ààlà. Ẹ̀kọ́ méjì ni wọn yóò rí kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.