Ìdánwò Làákàyè: Kí Ló Ń Wọ̀n Gan-an?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, lọ́dọọdún, tí ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì bá ti ń súnmọ́, ni àwọn tó ń béèrè ẹ̀yáwó nítorí owó lẹ́sìnnì máa ń pọ̀. Tí èsì bá dé tán, òmíràn nínú wa á ní, “Olódo ni ọmọ yìí, kó lọ kọ́ṣẹ́.” Kí á tó fi máàkì kan ṣoṣo dá ọmọ lẹ́jọ́, ó yẹ kí á mọ ohun tí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ń wọ̀n.

Ilẹ̀ Faransé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1905, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe ìdánwò kan láti fi mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ṣòro fún, kí wọ́n lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Binet kò gbà pé ojú kan ni òye ọmọ máa dúró sí títí ayé. Àwọn tó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ di òǹkà tí wọ́n ń pè ní IQ, tí wọ́n fi ń ya ọlọ́gbọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára òmùgọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, irú ìbéèrè yìí wà nínú Common Entrance tí NECO ń ṣe fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, bíi ti Odògbolú àti Ṣágámù. Wọ́n á to òǹkà tàbí ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní kí ọmọ wá èyí tó kàn, tàbí èyí tí kò bá àwọn yòókù mu. Ohun tó ń wọ̀n ni bí ọmọ ṣe ń tètè rí ìdí ọ̀rọ̀ lórí ìwé, bó ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó, àti bí irú ìbéèrè yẹn ṣe mọ́ ọn lára tó. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, torí ọgbọ́n tí ilé-ìwé ń lò nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọgbọ́n.

Ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin oníṣòwò ìrẹsì. Ní àwọn ọdún 1960, ní Làìbéríà, John Gay àti Michael Cole gbé ìrẹsì síwájú àwọn ará Kpelle tí kò mọ̀wé, wọ́n ní kí wọ́n fojú díwọ̀n iye ife tó wà níbẹ̀. Wọ́n bi àwọn ará Amẹ́ríkà tó kàwé náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kpelle ló súnmọ́ òótọ́ jù. Tó bá jẹ́ ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò làákàyè, ta ni à bá pè ní olódo? Ìyá tó ń ta ìrẹsì ní Mowé tàbí Ìbàfò ti mọ èrè orí kóńgò kan kó tó na ọwọ́ sí báírò.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún odindi ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin yọ. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọn kò rẹ̀yìn. Wọn kò pààrọ̀ orí fún àwọn ọmọ náà o. Èdè àti ìwé ìkọ́ni ni wọ́n yí padà, máàkì sì yí padà.

Nítorí náà, tí èsì ọmọ kò bá dára, ẹ wo ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ẹ bi tíṣà rẹ̀ léèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé e tàbí ìṣirò. Ẹ̀yáwó tí ẹ bá gbà fún ìyẹn kò ṣòfò. Èyí tí ẹ bá fi ra ìdáhùn ìdánwò fún ọmọ, gbèsè ni, ọmọ kò sì ní mọ nǹkan kan. Bí ọmọ bá sì fẹ́ kọ́ṣẹ́, kó jẹ́ pé iṣẹ́ náà wù ú ni, kó má jẹ́ ìjìyà máàkì.

Máàkì sọ bí ọmọ ṣe ṣe lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ má jẹ́ kó sọ orúkọ tí ẹ ó máa pè é.