Ọgbà Ẹ̀fọ́ ní Ẹ̀yìnkùlé tí Igbó àti Ibòji Bò

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a mú àáké wọ ẹ̀yìnkùlé, wọn a sì gé igi máńgòrò lulẹ̀ nítorí ọgbà ẹ̀fọ́. Ẹ dákun, ẹ fi àáké sílẹ̀ ná.

Àdá ni kí ẹ fi ṣán igbó abẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ bàtà, nítorí ejò. Ẹ kó pàǹtí náà sínú ihò kí ó lè jẹrà di ajílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ibi tí òòrùn ń dé ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì kan èèkàn mọ́ ọn. Ìparí oṣù Máàṣì ni kí ẹ ṣe é, kì í ṣe ìgbà ọyẹ́. Ní Dìsẹ́ḿbà, apá gúúsù ni òòrùn ọ̀sán ń gbà, ibòji a sì ṣubú sí àríwá. Ṣùgbọ́n bí Épírì bá wọlé, àtàrí wa gan-an ni ó ń dúró sí nílẹ̀ Yorùbá. Abẹ́ igi nìkan ni ibòji ọ̀sán ń wà. Ẹni tí ó bá fi ti ọyẹ́ pín ilẹ̀ rẹ̀ yóò ṣì í pín.

Ojú òòrùn ni ti tẹ̀tẹ̀, ilá àti tòmátò. Èmi náà ti fọ́n irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sábẹ́ igi rí: ó hù, ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì wó. Gbúre àti kókò ni kí ẹ gbìn sí ibòji. Ẹ gé ẹ̀ka gbúre, ẹ rì í sínú ilẹ̀ tútù, ó tán. Bí ibòji bá ṣì pọ̀ jù, ẹ gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi náà nìkan.

Kí ebè má ṣe fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.